Òótọ́ Ni, Ṣùgbọ́n Kì Í Ṣe Ìdáhùn

ÌBÉÈRÈ

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí, Ìbàdàn ni mò ń gbé. Mo ṣe WAEC lọ́dún tó kọjá, èsì mi sì dára, pàápàá bàọ́lọ́jì àti ìṣirò. Àwọn òbí mi fẹ́ kí n gbìyànjú yunifásítì ní Amẹ́ríkà, ìdí nìyẹn tí mo fi ń múra ìdánwò SAT.

Mà, ìṣirò rẹ̀ kò bà mí lẹ́rù. Gírámà náà, mo ń gbìyànjú níbẹ̀. Ibi tí ẹsẹ̀ mi ti ń yẹ̀ ni àwọn àyọkà kúkúrú tí wọ́n máa ń fi àlàfo sí ìparí rẹ̀, tí wọ́n á ní kí á mú èyí tó yẹ kó parí ọ̀rọ̀ náà nínú mẹ́rin. Ní JAMB, bí mo bá fara balẹ̀ wo àyọkà, màá rí ìdáhùn níbẹ̀. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀, ìdáhùn kì í sí níbẹ̀. Mo máa ń kọ́kọ́ yọ méjì dànù, màá wá mú ọ̀kan nínú méjì tó kù, àmọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, èyí tí mo fi sílẹ̀ gan-an ni wọ́n ń fẹ́.

Èyí tó dùn mí jù ni ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Orí àìsàn sickle cell ni àyọkà náà dá lé. Wọ́n ní níbi tí ibà tí ẹ̀fọn ń fà bá ti wà láti ayébáyé, àwọn tí jẹ́nótáìpù wọn jẹ́ AS máa ń pọ̀. Níbi tí ibà náà kò bá sí, wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ pọ̀. Àti pé ibà náà kì í sábà le lára AS bó ṣe ń le lára AA. Mo mú ìdáhùn tó ní bí AS bá fẹ́ AS, wọ́n lè bí ọmọ tó jẹ́ SS. Wọ́n ní kò tọ́. Mà, òótọ́ ni! Wọ́n kọ́ wa ní kíláàsì. Ta ló wá sọ pé kò tọ́?

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní kí n há ẹgbẹ̀rún kan ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sórí. Olùkọ́ tó ń kọ́ wa lẹ́yìn iléèwé ní bí ọ̀rọ̀ bá ti dojú rú, kí n mú ìdáhùn tó gùn jù. Ẹ jọ̀ọ́, Mà, kí ni kí n ṣe?

Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN

Ọmọ mi, o kú ìmúra ìdánwò. Inú mi dùn gan-an pé o lè béèrè pé "ta ló sọ pé kò tọ́?" Ẹni tí ìdáhùn kò yé tó sì ń jà fún òye rẹ̀, ó ti ń ronú nìyẹn. Àwọn tí àyà mi ń já fún ni àwọn tó máa wo èsì, tí wọ́n á kàn mi orí, tí wọ́n á sì bọ́ sórí ìbéèrè tó kàn.

Jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ń dùn ọ́. Òótọ́ ni ohun tí o mú. Bí AS bá fẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé kí ọmọ náà jẹ́ SS, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wa fi ń béèrè ìwé jẹ́nótáìpù lọ́wọ́ ọkọ àti ìyàwó kí wọ́n tó so wọ́n pọ̀. Bàọ́lọ́jì rẹ kò parọ́ rárá. Ṣùgbọ́n padà sínú àyọkà náà bí o ṣe ròyìn rẹ̀ fún mi. Ohun méjì péré ló sọ: ibi tí AS ti pọ̀ àti ibi tí wọn kò ti pọ̀, àti bí ibà ṣe ń ṣe ẹni tó jẹ́ AS. Kò dárúkọ ìgbéyàwó. Kò dárúkọ ọmọ bíbí. Ìbéèrè náà kò sì sọ pé kí o wá èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú mẹ́rin. Ohun tó ń bi ọ́ ni pé: bí gbogbo ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún ọ yìí bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló gbọ́dọ̀ tẹ̀lé e?

Wá tò ó pọ̀. AS pọ̀ níbi tí ibà wà, ó sì ṣọ̀wọ́n níbi tí ibà kò sí. Ẹni tó jẹ́ AS, ibà kì í sábà le lára rẹ̀. A jẹ́ pé ààbò tí AS ń fúnni lọ́wọ́ ibà ló jọ pé ó mú kí ó pọ̀ ní irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èyí ni ibi tí àyọkà ń sin ọ́ lọ. Ibẹ̀ náà ni Dókítà Anthony Allison dé nínú ìwádìí tó gbé jáde lọ́dún 1954, lẹ́yìn iṣẹ́ tó ṣe ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, tó fi di ìmọ̀ tí gbogbo ayé ń kà nínú ìwé lónìí. Ohun tí wọ́n fẹ́ kí o ṣe lórí àga ìdánwò ni ohun tí òun ṣe: kí o mú ẹ̀rí méjì, kí o so wọ́n pọ̀, kí o sì dúró síbi tí ẹ̀rí náà bá dúró sí.

Bí o bá ti jókòó síwájú irú àyọkà yìí, adájọ́ ni ọ́. Adájọ́ lè ti gbọ́ lọ́jà pé olè paraku ni ẹni tí wọ́n mú wá síwájú òun, ó sì lè jẹ́ òótọ́. Bí ẹ̀rí tó dé iwájú ilé-ẹjọ́ kò bá sọ bẹ́ẹ̀, kò gbọ́dọ̀ fi ọ̀rọ̀ ọjà dá ọkùnrin náà lẹ́bi.

Ìdí tí wọ́n fi ṣe ìdánwò náà báyìí kò ṣòro láti rí. Ọmọ Kòríà ń ṣe ìdánwò yìí, ọmọ Brazil ń ṣe é, ọmọ Texas ń ṣe é, ìwọ náà tí o wà ní Mọ́kọ́lá ń ṣe é. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni borí ẹnìkejì nítorí pé wọ́n ti kọ́ ọ nípa sickle cell ní kíláàsì. Nítorí náà gbogbo ohun tí o nílò wà nínú ọ̀rọ̀ tó wà níwájú rẹ, bó ti wù kó kéré tó. Láti ìgbà tí SAT ti di ti orí kọ̀ǹpútà, lọ́dún 2023 fún àwa tí a wà lẹ́yìn odi Amẹ́ríkà, lọ́dún 2024 fún àwọn tó wà lọ́hùn-ún, àwọn àyọkà gígùn àtijọ́ ti lọ. Àyọkà kọ̀ọ̀kan kò ju ọ̀rọ̀ 25 sí 150 lọ, ìbéèrè kan ṣoṣo sì ni wọ́n ń bi ọ́ lórí rẹ̀. Àwọn tó ń ṣètò rẹ̀ mọ̀ pé ọmọ tó kàwé bíi tìẹ ń bọ̀. Wọ́n á mọ̀ọ́mọ̀ fi òótọ́ kan tí irú rẹ ti mọ̀ sáàárín ìdáhùn mẹ́rin náà, torí wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ohun tó wà níwájú rẹ lo kà tàbí ohun tó wà nínú ọpọlọ rẹ. Ọmọ tí kò mọ nǹkan kan nípa sickle cell kì bá tí mú ìdáhùn tí o mú.

Mo fẹ́ kí á jọ ṣe àyọkà kan. Èdè Yorùbá ni màá fi kọ ọ́, torí iṣẹ́ tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó bá lè ṣe é ní Yorùbá lè ṣe é ní èdè yòówù tó bá gbọ́.

"Oríṣi ìbejì méjì ló wà: àwọn tó ti ara ẹyin kan tó pín sí méjì wá, àti àwọn tó ti ara ẹyin méjì tó jáde lára obìnrin nínú oṣù kan náà wá. Oríṣi àkọ́kọ́ kò yàtọ̀ púpọ̀ láti ilẹ̀ kan sí òmíràn: bíi 4 ni nínú ìbímọ 1,000, ibi yòówù kí ìyá ti wá. Ṣùgbọ́n nínú ìwádìí tí onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Nylander ṣe láàárín àwọn Yorùbá ní ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, gbogbo ìbejì lápapọ̀ tó bíi 45 nínú ìbímọ 1,000, iye tó ga ju ti ọ̀pọ̀ ilẹ̀ lọ fíìfíì. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó mú kí ìbejì pọ̀ tó báyìí láàárín wọn yóò ṣe dáadáa bó bá ..."

A. wádìí àmàlà àti ọbẹ̀ ewé ilá tí àwọn obìnrin Ìgbó-Ọrà ń jẹ.
B. wá ohun tó ń mú kí ẹyin ju ẹyọ kan lọ jáde lára obìnrin, dípò ohun tó ń mú kí ẹyin kan pín sí méjì.
C. gbà pé kò sí ìran mìíràn láyé tí ìbejì wọn tó ti Yorùbá.
D. gbà pé ìbejì ẹyin kan kì í wáyé láàárín àwọn Yorùbá.

Kí o tó wo A, B, C, D rárá, fi ọwọ́ bò wọ́n. Lórí kọ̀ǹpútà, gbé ojú rẹ kúrò níbẹ̀. Kọ́kọ́ bi ara rẹ pé, kí ni àyọkà yìí ti sọ di dandan? Ìṣirò kò bà ọ́ lẹ́rù, o ṣáà sọ bẹ́ẹ̀, ó yá, ṣe ìṣirò. Nínú 45, bíi 4 ló jẹ́ ti ẹyin kan, torí ibi gbogbo ló ti rí bẹ́ẹ̀. Ó ku bíi 41. Oríṣi méjì péré ló sì wà. Àwọn 41 yẹn kò ríbi lọ mọ́ àfi ọ̀dọ̀ ẹyin méjì. A jẹ́ pé ohun tó mú Yorùbá yàtọ̀, ẹ̀gbẹ́ ẹyin méjì ló wà. O ti dé ìdáhùn, o kò sì tíì ka ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Wàyí o, ṣí ọwọ́ rẹ. B ló ń dúró dè ọ́.

Wo bí àwọn yòókù ṣe fẹ́ mú ọ. A ló léwu jù fún ọmọ Yorùbá. Ta ni nínú wa tí kò tíì gbọ́ nípa Ìgbó-Ọrà? Wọ́n ń ṣe ọdún ìbejì níbẹ̀, àwọn oníròyìn ń ti òkè òkun wá ya fọ́tò, bí wọ́n bá sì bi àwọn ará ìlú, ọ̀pọ̀ wọn yóò ní àmàlà àti ọbẹ̀ ewé ilá ni. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni, bóyá bẹ́ẹ̀ kọ́. Àyọkà náà kò dá oúnjẹ kankan lórúkọ, kò dárúkọ Ìgbó-Ọrà pàápàá. Ilé ni o ti gbé A wá, bí o ṣe gbé ti SS wá láti kíláàsì. C dùn létí, ó sì jọ ohun tí àyọkà sọ, àmọ́ "ju ti ọ̀pọ̀ ilẹ̀ lọ" ni wọ́n sọ, wọn kò sọ pé ó ju ti gbogbo ayé lọ. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọ̀pọ̀ àti gbogbo yìí ló ń gba máàkì lọ́wọ́ àwọn ọmọ tó mọ̀wé jù. D ní tirẹ̀ dojú àyọkà délẹ̀: wọ́n ti ní bíi 4 ni, ibi yòówù kí ìyá ti wá, Yorùbá sì wà nínú ibi yòówù.

Nígbà tí o bá ti ń fi ẹnu ara rẹ sọ ìparí ọ̀rọ̀ kí o tó wo ohun tí wọ́n kọ, ìwọ lo máa ń yẹ ìdáhùn wọn wò. Bí o bá kọ́kọ́ ka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àwọn ni wọ́n máa yẹ ọ́ wò, torí ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fara balẹ̀ kọ kó lè jọ òótọ́. Má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé kíka ìdáhùn ṣáájú ń dín àkókò kù. Ó máa ń jẹ ẹ́ ni.

Ó tún ní ibi kan tí mo fẹ́ kí ojú rẹ kọ́kọ́ máa lọ nínú àyọkà Gẹ̀ẹ́sì wọn, ìyẹn àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké bíi "however", "yet" àti "although". Ọ̀pọ̀ irú àyọkà yìí ló máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohun tí àwọn onímọ̀ gbà tẹ́lẹ̀, tí ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ yìí á wá yí i padà, tí ẹ̀rí tuntun á tẹ̀lé e. Ìparí tó dára gbọ́dọ̀ gba ẹ̀gbẹ́ méjèèjì mọ́ra. Bí ìdáhùn kan bá bá ẹ̀rí tuntun mu, tí kò sì ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú èrò àtijọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ sọ, fura sí i.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ gbígbé nǹkan láti ilé wá, torí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdánwò nìkan. Ó ti ṣe ìran wa ní jàǹbá. Lọ́dún 1910, ará Jámánì kan, Leo Frobenius, dé Ilé-Ifẹ̀. Ó rí àwọn orí tí wọ́n fi amọ̀ mọ àti orí idẹ, ó rí bí wọ́n ṣe gún, bí ojú àti ètè ṣe jọ ti ènìyàn alààyè. Ẹ̀rí tó wà níwájú rẹ̀ ni pé àwọn orí yìí wà ní Ifẹ̀, àti pé ọwọ́ àwọn tó mọ iṣẹ́ gan-an ló ṣe wọ́n. Ẹ̀rí yìí tó láti sọ pé àwọn ọ̀jáfáfá oníṣẹ́ ọnà ti gbé ní Ifẹ̀ rí. Frobenius kò dúró níbẹ̀. Ó kéde fún ayé pé àwọn Gíríìkì ìgbàanì ti tẹ̀dó síbẹ̀ rí, pé ìyókù Atlantis, ilẹ̀ tí Plato ní òkun gbé mì, ni òun rí. Níbo ló ti rí Gíríìkì? Kò sí Gíríìkì nínú ẹ̀rí. Ohun tó so ẹ̀rí mọ́ ìparí èrò rẹ̀ ni gbólóhùn kan tó ti gbé láti Yúróòpù wá: pé ènìyàn dúdú kò lè ṣe irú iṣẹ́ yìí. Yọ gbólóhùn yẹn kúrò, gbogbo ọ̀rọ̀ Atlantis á wó lulẹ̀.

Nígbà tó di 1938, wọ́n ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agboolé Wúnmọníjẹ̀, nítòsí ààfin Ọọ̀ni, ọ̀pọ̀ orí irú èyí tí Frobenius rí sì tún jáde nílẹ̀. Lónìí àwọn onímọ̀ gbà pé àwọn ọmọ Ifẹ̀ fúnra wọn ló rọ wọ́n, láàárín nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kejìlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Frobenius kàwé púpọ̀. Ìwé kíkà kò gbà á sílẹ̀.

Ní Ilé-Ifẹ̀ yìí kan náà, ní Igbó Olókun tí Frobenius ti walẹ̀ rí, Ọ̀mọ̀wé Abídèmí Babátúndé Babalọlá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún walẹ̀. Wọ́n kó ìlẹ̀kẹ̀ dígí tó lé ní 12,000 jáde, pẹ̀lú àfọ́kù ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ dígí tó lé ní 800. Màá fi iṣẹ́ wọn ṣe àyọkà kejì fún ọ, torí ó bá ìṣòro rẹ mu, ìyẹn ti méjì tó máa ń kù.

"Fún ìgbà pípẹ́, ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé kò sí ẹni tó ń ṣe dígí láti ìbẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ìgbàanì, pé dígí tó ti ilẹ̀ òkèèrè wá ni wọ́n kàn ń yọ́ tún ṣe. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n yẹ dígí tí wọ́n wú jáde ní Igbó Olókun wò, wọ́n rí i pé lime àti alumina pọ̀ nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀ lọ́nà tí wọn kò rí nínú dígí tí a mọ̀ mọ́ ilẹ̀ òkèèrè ìgbà náà. Èyí fi hàn pé ..."

Ká ní o ti yọ méjì dànù. Ó ku "ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti ṣe díẹ̀, ó kéré tán, nínú dígí tó wà ní Ifẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ níbẹ̀," àti "àwọn ará Ifẹ̀ kò ra ìlẹ̀kẹ̀ tàbí dígí lọ́wọ́ ará òkèèrè rí." Mo mọ èyí tó máa wu ọmọ Yorùbá. Èkejì ga, ó ń gbé orí ẹni sókè. Èkíní dà bí ọ̀rọ̀ ẹni tó ń bẹ̀rù. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó mọ̀wé máa ń sá fún irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ torí wọ́n rò pé ìdáhùn onímọ̀ gbọ́dọ̀ lágbára.

Ìgbà tí ó bá ku méjì, ohun tí màá fẹ́ kí o ṣe nìyí. Mú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí o bi í pé: bí gbogbo ọ̀rọ̀ inú àyọkà bá jẹ́ òótọ́ láìku ẹyọ kan, ṣé ìwọ ṣì lè jẹ́ irọ́? Bi èkejì. Ṣé ó lè jẹ́ pé lime àti alumina pọ̀ nínú ọ̀pọ̀ dígí Ifẹ̀, kí àwọn ará Ifẹ̀ sì tún máa ra ìlẹ̀kẹ̀ láti òkèèrè? Ó lè rí bẹ́ẹ̀ dáadáa. Ẹni tó ń hun aṣọ lè máa ra aṣọ. Nítorí náà, yọ ọ́ dànù. Bi èkíní. Bí dígí wọn kò bá jọ èyí tó ń ti òkèèrè wá, ṣé ó ṣì rọrùn láti sọ pé gbogbo rẹ̀ pátá ti òkèèrè wá? Ó nira gan-an. Èkíní ni. Ìdáhùn tó bá ṣòro jù láti sọ di irọ́ ni wọ́n ń wá, ó sì máa ń jẹ́ èyí tí ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀ jù, tó kún fún "ó ṣeé ṣe", "díẹ̀", "ó kéré tán". Bí o bá rí "gbogbo", "rárá", "nìkan", "rí", tún àyọkà kà kí o tó fọwọ́ kàn án. Àwọn ọ̀rọ̀ yìí lè tọ̀nà bí àyọkà fúnra rẹ̀ bá lò wọ́n, àmọ́ kì í sábà lò wọ́n.

Mo sì fẹ́ kí o kíyè sí i pé èkíní yẹn, bó ṣe rẹlẹ̀ tó, tó láti bi èrò àtijọ́ ṣubú. Nígbà tí àbájáde iṣẹ́ Igbó Olókun jáde lọ́dún 2017, àwọn onímọ̀ kò nílò kí ẹnikẹ́ni pariwo.

Nípa àkókò, má bẹ̀rù. Ìbéèrè 54 ló wà ní apá kíkà àti kíkọ fún ìṣẹ́jú 64, wọ́n pín in sí méjì, 27 ní ìṣẹ́jú 32, lẹ́ẹ̀mejì. Bí o bá pín in, ó lé díẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan fún ìkọ̀ọ̀kan. Àwọn ìbéèrè gírámà kì í gbà tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà ya àkókò lọ́dọ̀ wọn fún àwọn aláàlàfo yìí. Bí ọ̀kan bá ṣì le, sàmì sí i kí o padà wá, má sì fi ìkankan sílẹ̀ lófo torí wọn kì í yọ máàkì fún àṣìṣe. Fi gbogbo ara ṣe ìpín àkọ́kọ́, torí bí o bá ti ṣe é sí ló máa sọ irú ìpín kejì tí wọ́n á gbé fún ọ. Lórí Bluebook, ètò tí wọ́n fi ń ṣe ìdánwò náà, ìdánwò àpẹẹrẹ tó pé wà lọ́fẹ̀ẹ́. Má fi owó àwọn òbí rẹ ra ti ẹnikẹ́ni kí o tó ṣe àwọn yẹn tán.

Iṣẹ́ ilé tí mo fún ọ nìyí, ó sì ju ìdánwò àpẹẹrẹ lọ. Lójoojúmọ́, mú ìpínrọ̀ kan nínú ìwé bàọ́lọ́jì, ìwé ìtàn tàbí ìwé ìròyìn, Gẹ̀ẹ́sì tàbí Yorùbá. Fi ìwé bo gbólóhùn tó gbẹ̀yìn. Kọ tìrẹ sílẹ̀, kí o wá ṣí i wò bóyá ẹ pàdé. Lẹ́yìn náà, kọ ìdáhùn mẹ́ta mìíràn tí kò tọ́ sí ìpínrọ̀ yẹn: kí ọ̀kan jẹ́ òótọ́ láyé àmọ́ kó má sí nínú ìpínrọ̀, kí ọ̀kan pọ̀ ju ẹ̀rí lọ, kí ọ̀kan dojú ọ̀rọ̀ délẹ̀. Bí o bá ti lè kọ ìdáhùn èké tó lè tan ọ̀rẹ́ rẹ jẹ, wàá ti mọ ọwọ́ tí wọ́n fi ń kọ ọ́, kò sì ní rọrùn fún ẹnikẹ́ni mọ́ láti fi tan ìwọ náà. Àwọn ọmọ tí mo kọ́ tí wọ́n ṣe iṣẹ́ yìí dáadáa ni wọ́n kọ́kọ́ ń bọ́ nínú ìṣòro tó wà lọ́rùn rẹ.

Ìmọ̀ràn olùkọ́ yín pé kí o mú èyí tó gùn jù, jọ̀ọ́, gbé e sílẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Gígùn kò sọ pé ìdáhùn tọ́. Bí ìdáhùn bá ṣe gùn tó, bẹ́ẹ̀ ni ohun tó ń sọ pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ sì ni ibi tó ti lè jẹ́ irọ́ ń pọ̀ sí i. Ọ̀rọ̀ ẹgbẹ̀rún kan ti ẹ̀gbọ́n rẹ kì í ṣe ohun búburú, yóò wúlò níbòmíràn nínú ìdánwò náà. Ṣùgbọ́n bí o ṣe ròyìn, o mọ gbogbo ọ̀rọ̀ inú àyọkà sickle cell yẹn. Kò sí èyí tó ṣókùnkùn sí ọ níbẹ̀. Irú ìbéèrè yìí àti àwọn tó fara pẹ́ ẹ, ti kókó ọ̀rọ̀ àti ti ẹ̀rí, tó bíi 12 sí 14 nínú 54, iye tó tó kí ènìyàn yà sọ́tọ̀ kó sì kọ́ bó ṣe yẹ.

Bá mi kí ẹ̀gbọ́n rẹ. Sọ fún un pé mo mọrírì bó ṣe dúró tì ọ́, mo sì ní iṣẹ́ mìíràn fún un. Lálẹ́, bí o bá ń ṣe àyọkà, kó jókòó tì ọ́, kó má kọ́ ọ ní ohunkóhun. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni kó máa bi ọ́ lórí gbogbo ìdáhùn tí o bá mú, èyí tó tọ́ àti èyí tí kò tọ́: "Gbólóhùn wo nínú àyọkà ló fún ọ lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ bẹ́ẹ̀?" Bí o kò bá lè fi ìka kàn án níbẹ̀, kó má gbà á lọ́wọ́ rẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ òótọ́ tí gbogbo ayé mọ̀.